Okùn Ló Ń Já, Ìlẹ̀kẹ̀ Kì í Já: Bí A Ṣe Ń Hun Ẹ̀gbà Ọwọ́ Nílé

Gbogbo wa la máa ń sọ pé "ìlẹ̀kẹ̀ mi já." Irọ́ ni. Ìlẹ̀kẹ̀ kì í já. Okùn inú rẹ̀ ló ń já. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí yé mi, Ọjà Ọba ní Òṣogbo ni mo wà. Ẹ̀gbà tí mo kọ́kọ́ fọwọ́ ara mi hun wà lọ́rùn ọwọ́ mi, mo nawọ́ gba ṣéńjì lọ́wọ́ ìyá aláta kan, ó sì ṣe "pá" báyìí. Ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 300 fọ́n ká sínú ata, sínú gọ́tà, sábẹ́ bàtà àwọn tó ń kọjá. Ìyá náà bá mi ṣà á títí, ó wá wò mí, ó ní, "Ìyàwó, òwú tí wọ́n fi ń rán aṣọ lo fi sín in, àbí?" Òun náà ni. Mo ti ná owó gidi sórí ìlẹ̀kẹ̀, òwú sì rèé, inú agolo ìránṣọ ìyá mi ni mo ti fà á yọ.

Ìdí nìyẹn tí màá fi pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ òwú nínú ìtọ́sọ́nà yìí ju bí ẹ ṣe lè rò lọ.

Ẹ̀gbà tí a fẹ́ hun, pẹlẹbẹ ni. Ìlẹ̀kẹ̀ 7 ni ìbú rẹ̀, ìlà 51 ni gígùn rẹ̀. Àwọ̀ aró ni gbogbo ara rẹ̀, odò ìyeyè kan sì ń ṣe kọ́lọkọ̀lọ láàárín rẹ̀ láti etí kan dé ìkejì. Mo mú aró torí pé ìlú aró ni Òṣogbo. Mo mú ìyeyè torí Ọ̀ṣun, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń fi idẹ àti ìlẹ̀kẹ̀ ìyeyè ṣe ọ̀ṣọ́. Ẹ lè yí àwọ̀ padà bó ṣe wù yín, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ ronú. Tí ẹ bá fi àwọ̀ ewé àti ìyeyè tẹ̀ léra lọ́wọ́ òsì, ọ̀pọ̀ èèyàn níbí máa gbà pé ìdè Ifá lẹ fi sọ́wọ́. Pupa àti funfun máa rán wọn létí Ṣàngó, funfun nìkan sì ni ti Ọbàtálá. Kò burú tó bá jẹ́ ohun tí ẹ fẹ́ sọ nìyẹn. Àbúrò mi kan wọ ewé àti ìyeyè lọ síbi ìnáwó kan láìmọ̀, odindi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n fi ń kí i ní "àbọrú bọyè."

Ohun tí ẹ máa wá

Òwú ni ká kọ́kọ́ wá. Òwú télọ̀ lásán kò lè gbé iṣẹ́ yìí. Òógùn ara àti eruku máa jẹ ẹ́ tán láàárín oṣù mélòó kan. Okùn ìpẹja tí ọ̀pọ̀ alágbàtà ìlẹ̀kẹ̀ máa tì sí yín lọ́wọ́ dára fún ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn tí a kàn sín lọ gbọọrọ, àmọ́ kò dára fún híhun. Ó le gbagidi, kókó kì í dúró lára rẹ̀, bí wọ́n sì ṣe ká a sára róòlù ló ṣe máa fẹ́ ká títí ayé. Rọ́bà tó ń fà ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀ fún ti àwọn ọmọdé.

Èyí tí ẹ fẹ́ ni òwú ọ̀rá tín-ín-rín tó lọ́, irú èyí tí àwọn tó ń rán báàgì àti bàtà ń lò, ṣùgbọ́n kí ẹ mú èyí tó tín-ín-rín jù nínú rẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ká a mọ́ ọwọ́ méjèèjì, kí ẹ já a gidi. Tó bá já, ẹ dá a padà fún un. Tí kò bá já, ẹ yọ ìlẹ̀kẹ̀ kan, kí ẹ wò ó bóyá òwú náà lè gba inú rẹ̀ kọjá nígbà mẹ́ta. Ìgbà méjì ló máa gbà á lójú iṣẹ́. Ìgbà kẹta ni ti ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ fi ìrù òwú pa mọ́, ọjọ́ yẹn ò sì ní yẹ̀.

Ìlẹ̀kẹ̀ wá kàn. Ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi gíláàsì ṣe la ń wá, nọ́ńbà ló sì ń sọ bó ṣe tóbi tó. Nọ́ńbà yìí ń rìn sẹ́yìn: bó bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìlẹ̀kẹ̀ ń kéré sí i. 11/0 fẹ̀ tó mìlímítà 2, 8/0 fẹ̀ tó mìlímítà 3. 8/0 ni kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ mú. Mo mọ̀ pé 11/0 lẹ́wà jù, àmọ́ ojú yín ni mo ń dá sí. Iṣẹ́ wa máa gba ìlẹ̀kẹ̀ aró 255 àti ìyeyè 102, láìka ti ibi tí a máa fi dè é. Ẹ ra aró tó 320 àti ìyeyè tó 130, torí pé ẹ máa da díẹ̀ nù.

Ẹ tẹ́ aṣọ funfun sínú fáráǹtì pẹrẹsẹ, kí ẹ da ìlẹ̀kẹ̀ síbẹ̀, kí ẹ sì ṣà á bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Èyí tó ki ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, èyí tó tín-ín-rín bí ìpẹ́ ẹja, èyí tí ihò rẹ̀ dí, ẹ kó wọn jáde. Èyí tó léwu jù ni èyí tí etí ihò rẹ̀ fọ́. Ẹ fi èékánná yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá ń họ yín, abẹ ni. Bí ẹ bá ṣe ń ju ọwọ́ lójoojúmọ́ ni yóò máa rẹ́ òwú yín díẹ̀díẹ̀. Tí ìkúnwọ́ kan bá jáde nínú ọ̀rá tí ẹ rà lówó pọ́ọ́kú, kó má yà yín lẹ́nu.

Ẹ wá dán àwọ̀ wò. Ẹ rẹ ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́wàá mẹ́wàá sínú omi ọṣẹ lílọ́wọ́ọ́wọ́ di òwúrọ̀, kí ẹ wá fi aṣọ funfun nù ún dáadáa. Bí aró tí kò múná ṣe ń ṣí lára àdìrẹ, bẹ́ẹ̀ náà ni ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n kàn kun lọ́dà lóde máa ṣí sórí bùbá funfun yín.

Abẹ́rẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́tọ̀. Ó gùn, ó tín-ín-rín, orí rẹ̀ kì í tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Nọ́ńbà 10 ló bá 8/0 mu. Ẹ ra mẹ́ta, nítorí pé ó máa tẹ̀, ọ̀kan á sì sọnù sínú kápẹ́ẹ̀tì. Ìyókù kò le: sísọ́ọ̀sì, rúlà, àbẹ́là tàbí ìda oyin, gọ́ọ̀mù, bọ́tìnì kan tó fẹ̀ tó mìlímítà 12, àti àjákù àdìrẹ tí kò ju àtàǹpàkò méjì lọ.

Òfì kékeré

Ẹ má wulẹ̀ ronú òfì ńlá tí àwọn ahunṣọ ń jókòó sí. Tiwa kò ju apá lọ. Ẹ wá pákó tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30, kó fẹ̀ tó 10. Ẹ kan gígé pákó kékeré tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 4 mọ́ orí àti ìdí rẹ̀, kí ẹ wá lẹ òòyà eyín wẹ́wẹ́ mọ́ orí gígé pákó kọ̀ọ̀kan, kí eyín rẹ̀ máa wo òkè. Àárín eyín yẹn ni òwú máa gbà, kó má baà máa sún kiri. Lẹ́yìn òòyà kọ̀ọ̀kan, níbi tó ti fẹ́ kan etí pákó, ẹ kan ìṣó kan tí ẹ máa so òwú mọ́. Gíga yẹn ṣe pàtàkì: ìka yín gbọ́dọ̀ lè wọ abẹ́ òwú láìfi ara kan pákó.

Ẹni tí kò ní pákó lè lo páálí bàtà, kó gé ojú kéékèèké sí etí rẹ̀ lórí àti nídìí. Àléébù páálí ni pé bí òwú bá ṣe ń le sí i ni páálí ń tẹ̀ wọnú, òwú á sì dẹ̀. Ẹ fi igi kan tì í nínú, láti orí dé ìdí, kó lè dúró.

Ẹ wọn ọrùn ọwọ́ yín. Ẹ fi ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ yí i ká, kí ẹ fi sí rúlà, kí ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 1 kún un. Ọrùn ọwọ́ tó jẹ́ 16 máa wọ ẹ̀gbà 17. Ìlà kan nínú iṣẹ́ wa tó mìlímítà 3, ìlà 51 sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15 ó lé díẹ̀. Bọ́tìnì àti ojú tí a máa fi kọ́ ọ ló kún ìyókù. Tí ọwọ́ yín bá tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi ìlà aró lásán kún orí àti ìdí lọ́gbọọgba. Tó bá kéré, ẹ yọ odindi ìṣẹ́po odò kan, ìyẹn ìlà 10.

Ìlẹ̀kẹ̀ 7 ń fẹ́ òwú 8, torí pé àárín òwú méjì ni ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń sùn sí. Ẹ ge òwú 10, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó sẹ̀ǹtímítà 60. Kí ló dé tó fi jẹ́ 10? Òwú tó wà ní etí méjèèjì ló ń jìyà jù, òun ni àpò ń họ, òun ni apá aṣọ ń fà, nítorí náà ẹ fi òwú méjì méjì sí ojú òòyà àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn. Ẹ so gbogbo rẹ̀ mọ́ ìṣó lókè, ẹ tò ó sáàárín eyín òòyà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí àlàfo rẹ̀ fẹ̀ ju ìlẹ̀kẹ̀ kan lọ díẹ̀ báyìí. Tí eyín òòyà bá sún mọ́ra jù, ẹ máa fo ọ̀kan. Ẹ wá so ó mọ́ ìṣó ìsàlẹ̀.

Báwo ló ṣe yẹ kó le tó? Ẹ fi ìka ta á. Ó yẹ kó dún bí okùn mólo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe. Tí ọ̀kan bá dún wúwo ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, òun ló dẹ̀, ẹ tún un so. Tó bá sì le jù, lọ́jọ́ tí ẹ bá tú u kúrò lórí òfì, ẹ̀gbà á ká jọ bí ewé gbígbẹ. Màá pe àwọn yìí ní òwú nínà, kí a má baà dà wọ́n pọ̀ mọ́ òwú abẹ́rẹ́.

Híhun gan-an

Ojú mọ́mọ́ ni kí ẹ ti ṣe é, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí lẹ́bàá fèrèsé. Lábẹ́ iná, pàápàá iná tó ń ṣẹ́jú, ẹ ò ní mọ aró yàtọ̀ sí dúdú.

Ẹ ge òwú abẹ́rẹ́ tó tó mítà kan àtààbọ̀. Èyí tó bá gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ á máa lọ́ mọ́ra. Ẹ fà á gba ara àbẹ́là nígbà méjì, kí ó lè dán, kí ó má sì máa hu irun. Ẹ máa lo irú rẹ̀ tó mẹ́ta kí iṣẹ́ tó parí. Ẹ so ìdí rẹ̀ mọ́ òwú nínà tó wà létí ọwọ́ òsì, kí ẹ fi ìrù sẹ̀ǹtímítà 15 sílẹ̀.

Ẹ má tíì fọwọ́ kan ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi òwú lásán hun ún: abẹ́rẹ́ gba orí òwú kan, ó gba abẹ́ ìkejì, ó gba orí ìkẹta, títí dé etí, tó bá ń padà bọ̀, ó gba òdì kejì. Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ títí tó fi di aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó fẹ̀ tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà. Àwọn tó ń kánjú máa ń fo ibí yìí, àmọ́ òun ni a máa ṣẹ́ po nígbà tó bá yá, òun ló sì máa gbé bọ́tìnì.

Ìlà àkọ́kọ́ wá dé. Ẹ sín ìlẹ̀kẹ̀ 7 sórí abẹ́rẹ́, ìyeyè 2 ṣáájú, aró 5 tẹ̀ lé e. Ẹ gbé abẹ́rẹ́ gba ABẸ́ gbogbo òwú nínà láti òsì lọ sí ọ̀tún. Ẹ fi ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ òsì ti ìlẹ̀kẹ̀ náà sókè láti ìsàlẹ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọ àlàfo tirẹ̀, kí orí rẹ̀ sì yọ díẹ̀ láàárín òwú. Ìka yẹn ò gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀. Ẹ wá dá abẹ́rẹ́ padà láti ọ̀tún sí òsì, kó gba inú ìlẹ̀kẹ̀ méjèèje, kí ó sì gba ORÍ òwú nínà. Ẹ fà á pẹ̀lẹ́. Nísinsìnyí, òwú abẹ́rẹ́ kan wà lábẹ́, ọ̀kan wà lókè, òwú nínà sì wà láàárín wọn bí ẹran inú búrẹ́dì. Ibi tí agbára gbogbo iṣẹ́ yìí wà nìyẹn. Tí abẹ́rẹ́ bá ṣèèṣì gba abẹ́ òwú nínà kan nígbà tó ń padà, ìlẹ̀kẹ̀ tó wà níbẹ̀ kò so mọ́ nǹkan kan. Ẹ máa rí i tó ń já wálẹ̀ bí ẹ bá yọ ìka. Ẹ yọ abẹ́rẹ́, ẹ tún un ṣe.

Ohun mìíràn tó ń pa ẹ̀gbà láìpariwo ni kí abẹ́rẹ́ gún òwú nínà láàárín. Ẹ ò ní rí i lójú, àmọ́ òwú ti là sí méjì. Bí abẹ́rẹ́ bá ṣe rọ́kẹ́ nínú ìlẹ̀kẹ̀, tí kò lọ geere, ẹ má fi ipá tì í. Ẹ fà á padà, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sókè díẹ̀, kí ẹ tún gbìyànjú.

Ìlà àkọ́kọ́ máa ya wèrè mọ́ yín lọ́wọ́. Ó ń ṣe gbogbo èèyàn bẹ́ẹ̀. Tó bá ti di ìlà kẹrin, àwọn tó ti wà níbẹ̀ á ti di òwú mú, ìka yín náà á sì ti mọ̀nà.

Bí odò ṣe ń ṣàn rèé, láti òsì sí ọ̀tún:

Ìlà 1: ìyeyè 2, aró 5
Ìlà 2: aró 1, ìyeyè 2, aró 4
Ìlà 3: aró 2, ìyeyè 2, aró 3
Ìlà 4: aró 3, ìyeyè 2, aró 2
Ìlà 5: aró 4, ìyeyè 2, aró 1
Ìlà 6: aró 5, ìyeyè 2

Odò ti kan etí ọ̀tún, ó sì fẹ́ ṣẹ́rí padà. Ìlà 7 bá ti 5 dọ́gba, 8 bá 4, 9 bá 3, 10 bá 2. Ìlà 11 ni ẹ máa tún bẹ̀rẹ̀ láti 1. Ẹ ṣe é ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, kí ẹ wá fi ìlà 1 kan parí rẹ̀, ó di 51. Ẹni tó bá lè máa fọkàn kà á láìwo ìwé ti gbádùn; èmi máa ń kà á sókè, àwọn ará ilé sì ti mọ̀ pé wọn ò gbọ́dọ̀ bá mi sọ̀rọ̀ títí tí odò á fi kan etí.

Tí òwú abẹ́rẹ́ bá kù bí sẹ̀ǹtímítà 15, ẹ dúró. Ẹ má ta kókó sí etí, torí pé kókó etí ni àpò àti aṣọ kọ́kọ́ ń fà tú. Ẹ dá abẹ́rẹ́ padà sínú ìlẹ̀kẹ̀ ìlà méjì tàbí mẹ́ta tó wà lẹ́yìn, kí ẹ ta kókó kékeré kan mọ́ òwú nínà kan ní àárín, kó tún gba inú ìlẹ̀kẹ̀ díẹ̀ sí i, kí ẹ tó gé e. Ọ̀nà yìí kan náà ni ẹ máa gbà mú òwú tuntun wọlé. Ẹ wá rí ìdí tí mo fi ní kí ìlẹ̀kẹ̀ gbà á lẹ́ẹ̀mẹta.

Bí ẹ bá rí àṣìṣe àwọ̀ ní ìlà tó ti jìnnà, ẹ tú u padà. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń fi ẹ̀mú fọ́ ìlẹ̀kẹ̀ tí kò yẹ níbẹ̀. Èéfọ́ gíláàsì máa ń ta sójú, ó sì lè gé òwú lọ́wọ́ kan náà. Mo ti ṣe é rí, ìlà mẹ́sàn-án ni mo fi tú nítorí pé mi ò fẹ́ tú ìlà mẹ́rin.

Lẹ́yìn ìlà 51, ẹ tún fi òwú lásán hun ìdajì sẹ̀ǹtímítà bíi ti ìbẹ̀rẹ̀.

Pípa á lẹ́yìn

Ẹ tú òwú kúrò lára ìṣó. Ẹ dì í ní méjì méjì (kí òwú onílọ́po méjì tó wà létí jẹ́ ẹyọ kan), kókó mẹ́rin lórí, mẹ́rin nídìí, kí kókó náà sún mọ́ aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn gbágbáágbá. Ẹ kán gọ́ọ̀mù díẹ̀ sí kókó kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ tó gé ìrù rẹ̀ kù sí sẹ̀ǹtímítà 1.

Gọ́ọ̀mù yẹn, alátìlẹ́yìn lásán ni, kì í ṣe òun ló ń di iṣẹ́ mú. Jimoh Buraimoh, ọmọ bíbí Òṣogbo tí wọ́n bí ní 1943, fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe àwòrán tó jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ kárí ayé, gọ́ọ̀mù ló sì fi ń lẹ ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ pátákó. Àmọ́ àwòrán ara ògiri kì í nawọ́ gba ṣéńjì.

Ẹ ṣẹ́ aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ náà po sẹ́yìn pẹ̀lú kókó rẹ̀, kí ẹ rán an mọ́lẹ̀. Ẹ ṣẹ́ etí àjákù àdìrẹ sínú, kí ẹ fi bo ibẹ̀, kí ẹ rán an yí ká. Kò sẹ́ni tó máa rí i tí ẹ bá wọ̀ ọ́ sọ́wọ́, àmọ́ ara yín máa mọ̀ pé kókó ò gún un.

Bọ́tìnì ló kàn. Ẹ rán an mọ́ ìparí kan, kí abẹ́rẹ́ gba ojú rẹ̀ tó ìgbà márùn-ún, kí ó sì máa wọlé sínú ìlẹ̀kẹ̀ ìlà tó kẹ́yìn, kó má jẹ́ aṣọ nìkan ló gbé e. Ní ìparí kejì, ẹ yọ abẹ́rẹ́ sókè ní àárín, ẹ sín ìlẹ̀kẹ̀ bíi 20, kí ẹ fi kọ́ bọ́tìnì wò. Ó yẹ kó ṣòro díẹ̀ kó tó wọlé. Tó bá ń wọlé wẹ́rẹ́, á máa jáde wẹ́rẹ́; ẹ yọ ìlẹ̀kẹ̀ kan. Tó bá ti bá a mu, ẹ dá abẹ́rẹ́ padà sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó ti jáde, kí ẹ sì jẹ́ kí òwú yí gbogbo ojú náà po lẹ́ẹ̀mẹta. Ibí ni ẹ̀gbà ti máa ń kọ́kọ́ já.

Lílò rẹ̀

Ẹ bọ́ ọ sílẹ̀ kí ẹ tó wẹ̀, kí ẹ tó fọ aṣọ, kí ẹ tó fín lọ́fíńdà. Ẹ má fi kọ́ ìṣó. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀. Tó bá dọ̀tí, omi ọṣẹ díẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ ti tó, kí ẹ wá sá a sí ibòji.

Lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, ẹ tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn lójú oòrùn. Tí ẹ bá rí òwú tó ti ń hu irun láàárín ìlẹ̀kẹ̀, tàbí tí àlàfo ń hàn níbi tí kò ti sí tẹ́lẹ̀, ẹ má dúró de ọjọ́ tó máa já. Ẹ gé e fúnra yín lórí fáráǹtì, kí ẹ gba ìlẹ̀kẹ̀ padà pátá, kí ẹ tún un hun. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ìlẹ̀kẹ̀ inú ata ọjọ́sí wà nínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fọ̀ ọ́ kó tó yé ta mí lójú.